Ẹ Jẹ́ Kí Ṣùkúrátù Pe Orúkọ Rẹ̀ Tán

Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá ti mú àfẹ́sọ́nà wálé rí á mọ bí ọjọ́ náà ṣe máa ń rí. Wọ́n á gbálẹ̀ ilé, wọ́n á gbá ẹ̀yìnkùlé mọ́ ọn, bí ẹni pé ẹ̀yìnkùlé ni ọmọ ọlọ́mọ fẹ́ sùn. Ìyá ọkọ á ṣe bí ẹni tí kò bìkítà, bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ á ti máa wọn àlejò láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

Bó ṣe rí nìyẹn ní ilé Àlàájà Wàsílátù ní Ẹ̀pẹ́, lọ́jọ́ Sátidé kan, láyé ìgbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ti tolówó ti tálákà. Ẹja yíyan ni Àlàájà ń tà. Ẹja rẹ̀ kì í jóná, gbogbo Ẹ̀pẹ́ ló mọ̀ ọ́n mọ́ ọn. Bí ẹ bá ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò rẹ̀, á ní kí ẹ dákẹ́ ná, kí òun kọ́kọ́ yí ẹja padà.

Òun ló tọ́ Ìdrís, ọmọ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó dolóògbé. Ìyá Ìdrís náà ti kú. Nígbà tí Ìdrís wáá sọ pé òun ti rí ọmọ kan ní Ìgbògbò, nítòsí Ìkòròdú níbi tí òun ti ń ṣiṣẹ́, Àlàájà ní kó mú un wá kí òun fojú kàn án. Kò tiẹ̀ bèèrè orúkọ. Ó ní ẹnu ọmọ náà lòun fẹ́ ti gbọ́ ọ.

Ọmọ náà dé, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ́. Ó la ẹnu láti kí Àlàájà, ṣùgbọ́n Ìdrís ti kí i fún àwọn méjèèjì.

"Káàsán o, ọmọ mi. Dìde, dìde. Kí lorúkọ rẹ?"

"Màmá, orúkọ ẹ̀ ni..." ni Ìdrís bẹ̀rẹ̀.

"Ìwọ ni mo bi ni? Ṣé kò lẹ́nu ni?"

Ìdrís pa ẹnu dé. Ọmọbìnrin náà la ẹnu. Ọrùn rẹ̀ le gan-an, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n, ohùn kò jáde. Ó di ojú méjèèjì. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́ geere:

"Àlàkẹ́."

Ìdrís yíjú wò ó. Kó tó rí ọ̀rọ̀ sọ, Àlàájà ti fò sókè.

"Àlàkẹ́! Oríkì ìyá tó bí mi lọ́mọ nìyẹn! Ìdrís, níbo lo ti rí i? Àlàkẹ́ mi! Ẹ gbé ẹja ńlá yẹn wá, kì í ṣe èyí tí mo fẹ́ tà o, èyí tí mo fi pamọ́."

Nígbà tí inú àgbàlagbà bá dùn tó báyẹn, ta ló fẹ́ bu omi sí i? Ìdrís dákẹ́. Ọmọbìnrin náà dákẹ́. Wọ́n jẹ ẹja, wọ́n sì padà sí Ìkòròdú.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Ṣùkúrátù lorúkọ ọmọ náà. Ọmọ Bùsàrí tó ń bá wọn kó yanrìn ní Èbúté Ìkòròdú ni, aṣọ ni òun fúnra rẹ̀ ń rán. Àlàkẹ́ kì í ṣe irọ́, oríkì rẹ̀ ni. Ìyá rẹ̀ àgbà ló fún un, òun nìkan ló sì máa ń fi pè é títí tó fi papò dà. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó tún pè é bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ṣùkúrátù ń kólòlò. Bó bá ń kọrin, bó bá ń ka Kùránì pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kò sí ohun tó ń dí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá kọjú sí i tó sì ń retí èsì, ọ̀rọ̀ á há. Èyí tó máa ń há jù ni orúkọ ara rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ akólòlò ló rí bẹ́ẹ̀. Èèyàn lè fi ọ̀rọ̀ kan rọ́pò òmíràn, àmọ́ kí ló fẹ́ fi rọ́pò orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́?

Ìdrís mọ̀ pé ó ń kólòlò, kò sì kà á sí. Ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi ló ń tún ṣe ní Èbúté, ibẹ̀ ló ti rí Ṣùkúrátù níbi tó ti ń gbé oúnjẹ lọ fún bàbá rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bi í pé ṣé akólòlò ló fẹ́ fẹ́, ó ní, "Ẹ̀rọ tí kò jí nígbà tí mo kọ́kọ́ fa okùn ẹ̀, ṣé mo máa ń jù ú sómi ni?" Àléébù kan ṣoṣo tí Ìdrís ní ni pé kì í lè fara dà á kí ó máa wo ọmọ náà níbi tó ti ń làkàkà. Bó bá ti la ẹnu báyìí, Ìdrís á bá a parí ọ̀rọ̀. Ó rò pé ìfẹ́ ni. Ìfẹ́ ni lóòótọ́, àmọ́ ìfẹ́ náà ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

Fàlílátù ìyá Ṣùkúrátù ní tirẹ̀ ti kìlọ̀ fún un tẹ́lẹ̀: "Ṣùkúrá, tó o bá dé Ẹ̀pẹ́, rẹ́rìn-ín músẹ́, kó o dákẹ́. Kí wọ́n so yìgì tán ná. Tí yìgì bá ti so, ẹni tó bá fẹ́ kó wáá gbọ́."

Nílẹ̀ Yorùbá, a kì í fẹ́ ọmọ láìwádìí. Ìfẹ́ tí Àlàájà ní sí Àlàkẹ́ rẹ̀ kò dí ìwádìí lọ́wọ́. Ó wọkọ̀ ní Ẹ̀pẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gba Imota kọjá, ó bọ́ sílẹ̀ ní Ìkòròdú, ó gun ọ̀kadà dé Ìgbògbò. Kò sọ fún Ìdrís. Ó ró ìró àtijọ́ kan, ó ṣe bí ẹni tó ń wá yàrá tó fẹ́ háyà.

Ọ̀dọ̀ Ìyá Ṣẹ̀rífátù ló yà sí, ìyá kan tó ń dín àkàrà lẹ́nu ọ̀nà ilé Bùsàrí. Ẹ sì mọ̀ pé kò sí ohun tí alákàrà kì í mọ̀ ládùúgbò.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ilé Bùsàrí oníyanrìn ńkọ́?"

"Èyí tí ẹ ń wò yìí ni."

"Wọ́n ní wọ́n lọ́mọ kan, Àlàkẹ́. Irú ọmọ wo ni?"

"Àlàkẹ́ kẹ̀? Nílé yìí? Kò sí Àlàkẹ́ níbẹ̀ o."

"Ẹ rò ó dáadáa, ìyá."

"Kí ni mo fẹ́ rò? Mo ti ń dín àkàrà níbí kí wọ́n tó bí i. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni Bùsàrí bí, Ṣùkúrátù ló ń jẹ́. Ṣùkúrá akólòlò." Ìyá Ṣẹ̀rífátù bú sẹ́rìn-ín. "Tó bá fẹ́ ra àkàrà báyìí, á ní 'à-à-à', epo mi á gbóná kọjá ààlà." Bó ti sọ ọ́ tán, ó sáré ta ìka yí orí ara rẹ̀ ká. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ o. Wọ́n ní téèyàn bá ń sín wọn jẹ, ó máa ń ranni. Ọmọ dáadáa ni ṣá. Ẹnu ẹ̀ nìkan ni ò dáa."

Àlàájà kò ra àkàrà, kò sì wọ ilé. Ó yí padà sí ọ̀nà tó gbà wá.

Ìdrís wà ní Èbúté, ọwọ́ rẹ̀ kún fún ọ́ìlì, nígbà tí fóònù rẹ̀ dún.

"Ìdrís, ta ni Àlàkẹ́?"

"Màmá? Àlàkẹ́ tí mo mú wá..."

"Mo ti dé Ìgbògbò. Wọn ò mọ Àlàkẹ́ kankan ńbẹ̀. Wọ́n ní Ṣùkúrátù ni, wọ́n tún ní akólòlò ni. Ṣé irọ́ ni?"

"Màmá, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé."

"Ṣé irọ́ ni?"

"Kì í ṣe irọ́, Màmá."

"Ẹni tó bá ń purọ́ á jalè. Ẹni tó fi orúkọ ara ẹ̀ purọ́, tó fi oríkì ìyá mi purọ́ fún mi, kí ni kò ní fi purọ́? Ìwọ náà jókòó síbẹ̀, o gbọ́, o sì ń jẹ ẹja mi. Èmi ni mo tọ́ ẹ bẹ́ẹ̀? Mi ò ní jókòó síbi yìgì kankan o." Ó gé fóònù.

Ìdrís kò ní bàbá, kò ní ìyá. Bí Àlàájà kò bá jókòó, ta ni yóò dúró fún un lẹ́bí? Kó má wáá jọ pé mo ń bù mọ́ ọn, ọkùnrin náà jókòó sórí ẹ̀rọ tó tú sílẹ̀, ó sì sunkún.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó lọ sílé Bùsàrí, ó sì ròyìn gbogbo rẹ̀. Ilé dàrú. Bùsàrí ní ó dájú pé Ìyá Ṣẹ̀rífátù ló sọ ọ́, òun máa da agbada àkàrà rẹ̀ nù. Fàlílátù káwọ́ lérí.

"Mo sọ fún un pé kó dákẹ́! Mo sọ fún un!"

Nọ́ọ̀sì Ìbídùnní jáde láti yàrá rẹ̀. Ará Òṣogbo ni, ó háyà yàrá kan lọ́dọ̀ Bùsàrí, ilé ìtọ́jú aláìsàn kan ní Ìkòròdú ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà, nítorí Bùsàrí kì í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Ṣùkúrátù," ni Ìbídùnní wí, "kí ló dé tó o fi ní Àlàkẹ́ lorúkọ rẹ?"

"Ẹ̀rù ló bà á, Nọ́ọ̀sì," ni Fàlílátù dáhùn.

"Torí kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun ń kólòlò ni," ni Ìdrís sọ.

"Orí ẹ̀ ló dàrú," ni Bùsàrí wí.

Ìbídùnní wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ má bínú, bàbá, ẹ má bínú, màmá. Ṣùkúrátù ni mo bi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́."

Ó fa àpótí, ó jókòó síwájú ọmọ náà, ó sì ń wo ojú rẹ̀, kì í ṣe ẹnu rẹ̀. Kò sọ pé kó fara balẹ̀. Kò sọ pé kó mí kanlẹ̀. Ó jókòó bí ẹni tí kò ní ibì kankan tó ń lọ.

Ó pẹ́ o. Fàlílátù la ẹnu, ó tún pa á dé. Bùsàrí dìde, ó tún jókòó.

"Mi ò p... p... mi ò purọ́," ni Ṣùkúrátù sọ nígbẹ̀yìn. "Àlàkẹ́ lorúkọ mi. Ìyá àgbà ló sọ mí bẹ́ẹ̀. Èyí tí ẹ ń pè mí yẹn, kò fẹ́ jáde ni. Màmá Ẹ̀pẹ́ ń wò mí lẹ́nu. Mo mú èyí tó wà nítòsí."

Kò sẹ́ni tó bá a parí ẹ̀. Bóyá ìyẹn ló fún un láyà, ó bá tẹ̀ síwájú. Ọ̀rọ̀ há, ọ̀rọ̀ jáde, ó tún há, wọ́n sì ń dúró.

Ó ní bó ṣe máa ń ṣe òun lójoojúmọ́ nìyẹn. Ó ní nínú bọ́ọ̀sì, kí òun tó lè pariwo "Ó wà o!" bí àwọn èrò tó kù, ọkọ̀ ti gbé òun kọjá. Òun á bọ́ sílẹ̀ níwájú, òun á fẹsẹ̀ rìn padà, òun á sì sọ nílé pé afẹ́fẹ́ lòun ń gbà. Ó ní bó bá di àárọ̀, b... b... búrẹ́dì lòun máa ń fẹ́ rà, bí òun bá dé iwájú ẹni tó ń tà á, gàrí ló máa ń jáde.

Fàlílátù yanu. "Gàrí? Ṣùkúrá! Gàrí tí mo ti rò pé o fẹ́ràn jù láyé?"

"Mi ò fẹ́ràn ẹ̀ rárá, Màmá."

Ìdrís rẹ́rìn-ín, Ṣùkúrátù náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹkún ni Fàlílátù bú sí. Ó ní láti kékeré ọmọ náà lòun ti ń sáré kiri. Wọ́n ní kí òun máa fún un lómi mu nínú agogo, òun ṣe é. Wọ́n ní kí òun máa gbá a lẹ́nu tó bá ti bẹ̀rẹ̀, Ọlọ́run forí jì òun, òun ṣe ìyẹn náà. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ní kí òun ṣe, kò sẹ́ni tó ní kí òun jókòó kí òun gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ.

Bùsàrí, tó fẹ́ da agbada nù, ti rọ̀ wọ̀ọ̀. "Èmi ni mo máa ń pa á lówe," ló wí. "Tó bá ti ń pè mí, tí kò tètè jáde, mo máa ń ní, 'Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba.' Màá wáá gbé ṣọ́bìrì, màá lọ sójú omi. Bó bá wáá pe baba tán, baba dà?" Ó nu imú. "Baba ti lọ."

Ìbídùnní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wọlé kó tó sọ tirẹ̀.

"Àbúrò mi ọkùnrin ń kólòlò," ló wí. "Bí ẹ ṣe sáré yìí làwa náà sáré, kí wọ́n tó júwe wa sọ́dọ̀ àwọn tó kọ́ nípa ọ̀rọ̀ sísọ ní ilé ìwòsàn ńlá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti là wá lóye. Kì í ṣe èpè. Kì í ṣe pé ọmọ ya òpè, àbí ẹ rí aṣọ tí Ṣùkúrátù rán tí kò bá ẹni tó ni ín mu rí? Kì í ranni. Ẹni tó bá ń sín wọn jẹ kò ní kó o, ìwà burúkú ló kàn ń hù. Ọ̀rọ̀ wà lọ́kàn wọn pérépéré, ọ̀nà tó ń gbà láti ọpọlọ dé ẹnu ni kò já geere."

"Ṣé oògùn wà ńbẹ̀, Nọ́ọ̀sì?" ni Fàlílátù bèèrè.

"Kò sí oògùn tí wọ́n á mu tí á fi lọ lọ́jọ́ kan, màmá. Ẹni tó bá ní òun ní in, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ yẹn lè kọ́ wọn bí ọ̀rọ̀ ṣe lè rọ̀ wọ́n lọ́rùn, kí ẹ̀rù má sì bà wọ́n mọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọdé ló máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀rọ̀, tó sì máa ń fi wọ́n sílẹ̀ fúnra ẹ̀. Èyí tí kò bá lọ, kéèyàn tètè mú ọmọ lọ ni. Àgbà náà lè lọ. Èyí tó kù, ọwọ́ àwa tá à ń gbọ́ ló wà."

Fàlílátù nu ojú. Ó ní òun máa lọ Ẹ̀pẹ́ lọ́la, òun á dọ̀bálẹ̀ tí obìnrin bá ń dọ̀bálẹ̀, òun á ṣàlàyé fún Àlàájà.

"Rárá, Màmá," ni Ṣùkúrátù wí. "Èmi... èmi ni wọ́n bi."

Bí Ṣùkúrátù, Ìdrís àti Nọ́ọ̀sì Ìbídùnní ṣe dé Ẹ̀pẹ́ nìyẹn. Wọ́n bá Àlàájà nídìí ààrò. Ẹja àrọ̀ ló tò sórí wáyà, ó ká wọn rìbìtì, èéfín ń rú, ẹ̀mú wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùkúrátù kúnlẹ̀. Àlàájà kò gbójú sókè.

"Ẹ jókòó, bí ẹ bá ríbi jókòó sí."

Ìbídùnní kí i, ó sọ ẹni tí òun jẹ́, lẹ́yìn náà ló wí pé, "Àlàájà, ẹ má bínú sí mi o. Kí lorúkọ yín gan-an?"

"Ní Ẹ̀pẹ́ níbí lo ti ń bi mí? Wàsílátù."

"Nígbà tí ìyá yín wà láyé, tí wọ́n bá fẹ́ kì yín ńkọ́?"

Ẹ̀mú dúró lọ́wọ́ Àlàájà. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Àmọ̀kẹ́ ni wọ́n máa ń pè mí."

"Èwo ló jẹ́ irọ́ nínú méjèèjì?"

Àlàájà yíjú sí ààrò. Ó yí ẹja kan, ó yí èkejì.

"Ká ní irọ́ kọ́," ló wí, "akólòlò ńkọ́? Tó bá bí akólòlò fún wa ńkọ́?"

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀, torí ó máa ń wà nínú ẹbí míì. Ó sì lè máà rí bẹ́ẹ̀. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin ni ìyá àgbà ẹ̀. Bí ẹ bá mọ bí wọ́n ṣe ń dúró gbọ́ ọ̀rọ̀, kí ni ohun tó máa ṣe ọmọ náà?"

Àlàájà yíjú sí Ṣùkúrátù tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Ìwọ. Mo bi ẹ́ lọ́jọ́ yẹn, mo tún ń bi ẹ́ lónìí. Kí lorúkọ rẹ?"

Ṣùkúrátù la ẹnu. Ọrùn rẹ̀ le. "Ṣ..." Ohùn kò jáde. Àlàkẹ́ wà nítòsí, ó rọrùn, ó sì mọ̀ pé bí òun bá sọ ọ́ báyìí, kò sẹ́ni tó máa bínú. Kò mú un. "Ṣ... Ṣ..."

Ìdrís la ẹnu. Ìbídùnní tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

Àlàájà ń wo ọmọ náà. Ó rí i bó ṣe ń làkàkà, ó rí òógùn níwájú orí rẹ̀, ó sì rí i pé ojú rẹ̀ kò kúrò lára òun. Lórí ààrò, òróró ẹja ń kán sínú iná, iná ń fò sókè. Èéfín funfun di dúdú. Òórùn jíjó gba ẹ̀yìnkùlé kan. Aládùúgbò kan pariwo láti ẹ̀yìn ògiri pé, "Àlàájà, ẹja yín o!" Àlàájà kò mira. Ẹ̀mú ń fì lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé ohun tí wọ́n ń fi í ṣe.

"Ṣù... Ṣùkúrátù," ni ọmọ náà wí. Ó mí. "Ṣùkúrátù Àlàkẹ́ lorúkọ mi, Màmá."

Àlàájà Wàsílátù gbé ẹ̀mú sílẹ̀. Ó fa ọmọ náà dìde pẹ̀lú ọwọ́ tó kún fún èédú, ó sì fi àmì dúdú sí i láṣọ.

"Mo rò pé irọ́ lò ń wá lọ́jọ́ yẹn," ló wí, "àṣé orúkọ lò ń wá. Má bínú, Ṣùkúrátù. Má bínú, ìyá mi."

"Màmá, ẹja ti jó o," ni Ìdrís wí.

"Mo rí i. Ẹ máa bọ̀, ẹ wáá jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀."

Wọ́n jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó korò díẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ ọ́.

Ọjọ́ yìgì kò pẹ́ dé. Ní ilé Bùsàrí ní Ìgbògbò ni. Ìyá Ṣẹ̀rífátù wà níbẹ̀, òun ló dín àkàrà tí wọ́n fi ṣe sàárà, agbada rẹ̀ kò sì dànù. Ààfáà Láwàl wá sí yàrá àwọn obìnrin láti gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ìyàwó.

"Ṣùkúrátù ọmọ Bùsàrí, ṣé o gbà kí a so yìgì rẹ pọ̀ mọ́ ti Ìdrís?"

Ṣùkúrátù la ẹnu. "M..."

"Ó gbà!" ni àwọn obìnrin hó. Ìyá Ṣẹ̀rífátù ló pariwo jù. "Ó ti gbà, Ààfáà, ẹ máa bá a lọ!"

"Ẹ dákẹ́!" Àlàájà Wàsílátù ti dìde dúró, gèlè rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ já. "Ẹ̀yin ni Ìdrís fẹ́ fẹ́ ni? Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́!"

Yàrá pa lọ́lọ́. Ààfáà Láwàl rọra jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. Níta, Bùsàrí, tí kì í lè jókòó sójú kan, fara ti ilẹ̀kùn, ó sì ń retí.

"Mo... mo gbà," ni Ṣùkúrátù wí. Nígbà tó rí i pé kò sẹ́ni tó ń kánjú, ó tún un sọ bó ṣe wù ú: "Èmi Ṣùkúrátù Àlàkẹ́, mo gbà."

Ẹ̀yin ará wa, akólòlò wà lágbo ilé yín, wọ́n wà ní kíláàsì àwọn ọmọ yín, wọ́n wà níbi iṣẹ́ yín. Tó bá kúnlẹ̀ tí kò kí yín, ẹ má tètè pè é ní ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́. Tó bá ń wá orúkọ ara rẹ̀, ẹ má pè é ní òpùrọ́. Ẹ má sín in jẹ, ẹ má fi ṣe orúkọ ìnagijẹ, ẹ má gbá ọmọdé lẹ́nu nítorí rẹ̀. Ẹ má bá a parí ọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ó ní kí ẹ bá òun parí rẹ̀, bó ti wù kí ìfẹ́ yín pọ̀ tó. Ẹ wo ojú rẹ̀, kí ẹ sì gbọ́ ohun tó ń sọ, ẹ fi bó ṣe ń sọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin kọ́ndọ́ inú ọkọ̀, bí ẹ bá rí èrò tó dìde tí kò tíì sọ̀rọ̀, ẹ dákun, ẹ dúró. Bí ọmọ yín bá bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò tí kò sì fẹ́ lọ, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, kí wọ́n júwe yín sọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ fi omi inú agogo sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń kólòlò, ẹ má jẹ gàrí nígbà tó jẹ́ búrẹ́dì lẹ fẹ́.

Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba, kò sí àní-àní. Kí baba sáà ti jókòó.